Ẹkún Tí Kò Wọlé

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò tíì sunkún ọmọ rẹ̀ títí di bí mo ti ń kọ èyí. Àwọn ènìyàn ń yìn ín nítorí rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n pè é jáde síwájú nínú ìjọ rẹ̀, pásítọ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní kí gbogbo ìyá wá wo obìnrin onígbàgbọ́ tí ikú kò rí omijé gbà lójú rẹ̀. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Ìlà kejì ni mo jókòó sí, n kò pàtẹ́wọ́. Mo mọ ojú ẹ̀gbọ́n mi. Láti kékeré, bí ó bá fẹ́ bì tí kò sì rí i bì, ojú rẹ̀ á le gbagidi, ètè rẹ̀ á funfun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ojú rẹ̀ rí níwájú pẹpẹ lọ́jọ́ náà, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Èmi náà gbàgbọ́. Ilé ìwé ìjọ ni mo lọ, ilé ìwé ìjọ ni mo ti ṣe tíṣà títí mo fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí òwúrọ̀ kan tí n kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kí ẹsẹ̀ mi tó kan ilẹ̀. Ó bọ́ mi, ó wò mí, ó fi ọmọ mẹ́ta dá mi lọ́lá, wọ́n sì wà láàyè. Ṣùgbọ́n Olúwa tí mo ń sìn sunkún níwájú ibojì ọ̀rẹ́ rẹ̀, lójú gbogbo ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni ó sì mọ̀ pé òun yóò jí i dìde láìpẹ́. N kò mọ ibi tí àwa ti rí ìgbàgbọ́ tí ó le ju tirẹ̀ lọ.

Etí ọ̀sà ni wọ́n bí wa sí, ní abúlé kan tí a ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ láti Àgbádárìgì. Ègùn ni ìyá wa, Àwórì ni bàbá wa. Àwọn obìnrin abúlé náà, ẹja ni wọ́n ń yan. Àárò wọn tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lẹ́yìn ilé, èéfín wọn kan náà ni, ọ̀rọ̀ wọn kan náà ni, kò sì sí ọmọ tí ó mọ ìyàtọ̀ àárò ìyá rẹ̀ sí ti ẹlòmíràn.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé òbí kì í sin ọmọ. Bí ọmọ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò sin ín, ìyá kò gbọdọ̀ mọ ojú oórì. Ohun tí àwọn obìnrin abúlé wa fi kún èyí ni pé wọ́n á gbé ẹkún lọ bá ìyá náà nínú ilé, nítorí kò ní ibòmíràn tí yóò ti sun ún. Wọ́n á kọ́kọ́ pa iná àárò. Wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ ìyá ọmọ, èyí tí ó dàgbà jù yóò tú gèlè lórí rẹ̀, yóò jókòó sẹ́yìn rẹ̀, yóò gbá a mú ní ìbàdí, nígbà náà ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀. Bí ẹkún bá tó, wọn yóò bu omi bọ́jú, òun náà yóò bọ́jú, ó parí nìyẹn. Láti ìgbà tí omi bá ti kan ojú wọn, wọn kì í tún sun ẹkún òkú náà mọ́ láéláé. Wọ́n ní ẹni tí ó bá tún un sun, ikú mìíràn ni ó ń pè.

Mo fi ojú ara mi rí i nígbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Omi gbé àbúrò wa ọkùnrin lọ. Wọ́n rí i, wọ́n sin ín, ìyá wa kò lọ. Inú ilé ni ó wà, ó ń gbálẹ̀. Ó gbá ilẹ̀ náà tán, ó tún un gbá. Ó fọ ìkòkò tí ó ti mọ́. Mo ń tẹ̀ lé e káàkiri, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, nítorí ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀ bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin náà wọlé. Ẹnikẹ́ni kò kí i. Ìyá àgbàlagbà kan gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tú gèlè rẹ̀, ó gbá a mú láti ẹ̀yìn. Ohun tí ó jáde láti inú ìyá mi lọ́jọ́ náà, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, n kò sì tíì tún un gbọ́. Ó dà bíi pé ẹlòmíràn ni ó ń sunkún láti inú rẹ̀. Ó sun ún títí ohùn fi tán. Wọ́n bọ́jú. Ó béèrè oúnjẹ. Ó jẹ ẹ̀bà, ó sùn, nígbà tí ó sì jí, ó wò mí, ó mọ̀ pé èmi ni. Títí ìyá mi fi kú ní ọjọ́ ogbó, ó lè dárúkọ ọmọ náà, ó sì lè rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ara ènìyàn mọ ohun tí ó ń ṣe bí a bá jẹ́ kí ó ṣe é.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin, àkọ́bí rẹ̀, ṣàìsàn ní Èkó, kò pẹ́ rárá, ó kú. Kò tíì gbéyàwó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sin ín síbẹ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti kú tipẹ́, ó wá ku òun àti ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, obìnrin, tí ó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ láti inú ilé. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń gbé nínú ẹ̀sítéètì kan lẹ́yìn Àrádàgún. Ilé dáadáa ni. Ọ̀nà rẹ̀ mọ́, iná rẹ̀ kì í lọ, ògiri gíga ni wọ́n fi yí i ká. Ọmọkùnrin tí ó kú yìí ni ó ra ilẹ̀ náà fún ìyá rẹ̀. Mo dúpẹ́ fún ilé náà nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, mo gbàdúrà sí i, n kò ní purọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó kù yìí fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹni tí ó bá ń ka èyí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ ìyá rẹ̀ lẹ́nu, dókítà sì ti sọ pé kò gbọdọ̀ gbọ́ ohun tí yóò gbé ọkàn rẹ̀ sókè. Ó wá gba fóònù ìyá rẹ̀, ó pa á, ó tì í mọ́ inú dúróò. Ó ra aago kan tí ó ń mọ bí ọkàn ṣe ń lù, ó so ó mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ọkàn bá ti fẹ́ yára jù, aago náà á dún. Bí ó bá dún, ọmọ á sáré wá, á di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, á ní, "Mọ́mì, ẹ mí sínú. Ẹ mí síta." Ẹ̀gbọ́n mi á mí sínú, á mí síta, aago á dákẹ́. Mo jókòó tì wọ́n ní ọ̀sán kan, mo rí i bí ó ti ṣẹlẹ̀ léraléra. Ìbànújẹ́ á gòkè wá dé ọ̀nà ọ̀fun, aago á dún, wọ́n á tì í padà sísàlẹ̀.

Mo bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ ní kíṣìnnì.

"Jẹ́ kí ìyá rẹ sunkún."

"Àǹtí, èmi ò ní kí wọ́n má sunkún. Dókítà ló ní kí ọkàn wọn má lọ sókè."

"Ọmọ rẹ̀ ló kú. Ibo lo fẹ́ kí ọkàn rẹ̀ wà?"

"Ẹni tó kú yẹn, ẹ̀gbọ́n tèmi náà ni." Ó ń fọ ife nígbà tí ó sọ ọ́, kò wò mí. "Bí nǹkan bá ṣe Mọ́mì báyìí, ta ló kù fún mi?"

Òun náà kò tíì sunkún. Ó ti ń bójú tó nǹkan láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti dé. Ó ń dá àwọn tí ń kí wọn lórí fóònù lóhùn, àwòrán ọwọ́ àdúrà àti àwòrán àbẹ́là, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn. Àwọn ènìyàn tí ilé wọn kò jìnnà ju kí a rìn dé ibẹ̀ lọ fi àwòrán àbẹ́là ránṣẹ́. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta ni ó fi ẹsẹ̀ ara wọn wá, wọn kò sì pẹ́. Ìkan nínú wọn ní kí ẹ̀gbọ́n mi sún mọ́ òun kí wọ́n jọ ya fọ́tò, kí àwọn ará ìjọ lè mọ̀ pé òun ti wá.

Èmi ni mo lọ sí abúlé. Mo wọkọ̀ ojú omi, mo lọ bá Ìyá Àgbà ní ìdí àárò. Òun ni ó dàgbà jù nínú wọn nísinsìnyí. Orí àárò rẹ̀ ni ọmọ tí ó kú yìí ti máa ń jí ẹja jẹ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú un wá lo ìsinmi. Ó ti gbọ́. Ó ní àwọn ń retí ẹni tí yóò mú àwọn lọ ni, nítorí àwọn kò mọ ilé náà.

"Ó ti sunkún ni?"

"Rárá, mà."

"Rárá rárá?"

"Rárá rárá."

Ó kọjú sí àwọn tó kù, ó bá wọn sọ Ègùn díẹ̀. Wọ́n bu omi pa iná.

Ọkọ̀ ojú omi kan kún fún wa. Láti ìgbà tí a ti wọ inú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí a gúnlẹ̀, a gba kẹ̀kẹ́ márúwá, a fún ara wa mọ́ inú wọn. Ọkùnrin tí ó wa èyí tí mo wà nínú rẹ̀ kí wa, a kò dáhùn. Ó rìn díẹ̀, ó wẹ̀yìn.

"Ẹ̀yin ìyá, ṣé ẹ ń bára yín jà ni?"

A kò dáhùn. Ó ní, "Ó dáa náà. Ìyàwó mi náà mọ̀ ọ́n ṣe." Ó ń bá ọ̀nà lọ.

Bí a ti dé ẹnu géètì ẹ̀sítéètì ni mẹ́gáàdì jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, ó mọ̀ mí, ọmọlúwàbí sì ni. Ó kí wa dáadáa.

"Mọ́mì, ẹ̀yin lè wọlé. Àwọn tó kù, ẹ jẹ́ kí onílé fi kóòdù wọn ránṣẹ́."

"Kóòdù wo?"

"Nọ́ńbà ni, mà. Onílé á fi ránṣẹ́ sí fóònù àlejò, àlejò á kà á fún mi. Ẹnì kan, kóòdù kan."

Obìnrin kan wà láàárín wọn tí ẹnu rẹ̀ kì í gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mọ́ra. Ó ní, "Olè tí ó bá ń bọ̀, ṣé òun náà máa ń ka nọ́ńbà fún ọ?"

Ìyá Àgbà wò ó.

"Èmi ò bá yín sọ̀rọ̀ o," ni obìnrin náà wí. "Mẹ́gáàdì ni mò ń bá wí."

"Màmá, ẹ má bínú," ni mẹ́gáàdì wí. "Iṣẹ́ mi ni."

"Ṣé ìyá rẹ wà láàyè?"

"Ó wà, mà."

"Ilé rẹ̀ ní géètì?"

"Ilé ìyá mi ò ní ilẹ̀kùn dáadáa gan-an, mà."

"Ó dáa fún un," ni obìnrin náà wí.

Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Ó ń dún, kò gbé e. Mo tún pè é. Fóònù ti ẹ̀gbọ́n mi, inú dúróò ni ó ṣì wà. Oòrùn mú, kò sí igi lẹ́nu géètì náà, iyanrìn àti kọnkéré nìkan ni. Mo wo Ìyá Àgbà, mo nawọ́ sí inú, ó mi orí pé kí n máa lọ. Mo wọlé lọ láti gba kóòdù. Ilé ẹ̀gbọ́n mi kò jìnnà sí ẹnu géètì, ó jẹ́ ìkẹta tàbí ìkẹrin ní apá ọ̀tún.

Wọ́n ń ṣe ìpàdé àdúrà lórí kọ̀ǹpútà. Àdúrà ìtùnú ni, fún àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí iwájú rẹ̀ lórí àga, ó múra, ó wé gèlè, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan. Ojú àwọn ènìyàn kéékèèké kún iwájú kọ̀ǹpútà náà, tòun ti ilé wọn lẹ́yìn wọn. Ẹnì kan ń gbàdúrà, ẹlòmíràn ń jẹun. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rí mi, ó na ìka kan sókè pé kí n dúró. Mo lọ síbi etí rẹ̀.

"Àwọn obìnrin abúlé wa wà lẹ́nu géètì. Fi kóòdù ránṣẹ́."

"Mélòó ni wọ́n?"

"Wọ́n kún ọkọ̀ ojú omi kan."

"Háà, Àǹtí. Wọn ò sọ fún wa pé wọ́n ń bọ̀."

"Ta ní í sọ kó tó wá sunkún?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n pín ara wọn, kí wọ́n máa wá ní méjì méjì. Ẹ̀sítéètì ò ní gbà. Mọ́mì náà ò ní lè gbà á." Ó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí kọ̀ǹpútà kí àwọn tí ń gbàdúrà má bàa mọ̀.

Ibi tí a ti ń bá ara wa fà á ni ẹkún ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu géètì.

Ìyá Àgbà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹkún tí a bá gbé kúrò nílé kì í padà sílé. Wọ́n ti pa iná, wọ́n ti la omi kọjá, ó ti wà lẹ́nu wọn. Wọ́n retí mi títí. Wọ́n wo géètì náà, wọ́n rò pé wọn kò ní ṣí i fún àwọn, wọ́n jókòó sórí iyanrìn.

Mo gbọ́ ọ láti inú pálọ̀, ìró kan ṣoṣo lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà gbogbo wọn. Àwọn ojú inú kọ̀ǹpútà gbé orí sókè. Ẹ̀gbọ́n mi kúrò lórí àdúrà, ó yíjú sí fèrèsé. Ó tẹ́tí. Ó wá wo èmi àti ọmọ rẹ̀.

"Ta ló kú?"

Ọ̀rọ̀ tí ó sọ nìyẹn. Mo ti ń gbé e kiri nínú mi láti ọjọ́ náà.

"Kò sẹ́ni tó kú, Mọ́mì," ni ọmọ rẹ̀ wí. "Àwọn kan ń pariwo lẹ́nu géètì ni."

"Ẹ̀yin ni wọ́n wá bá," ni mo wí. "Àwọn ìyá ìdí àárò ni. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ."

Ojú rẹ̀ yí padà. Mo rí i. Ẹnu rẹ̀ là, àgbọ̀n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, èjìká rẹ̀ gòkè, ohun tí mo rí lára ìyá wa ní kékeré ni mo ń rí yìí, ó ń bọ̀, ó ti dé tán. Aago dún. Ọmọ rẹ̀ ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ti di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Mọ́mì, ẹ wò mí. Ẹ mí sínú."

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó. Ó mí sínú.

"Ẹ mí síta."

Ó mí síta. Àgbọ̀n rẹ̀ dúró. Èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Aago dákẹ́, ojú rẹ̀ sì tún le padà bí ti tẹ́lẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìgbà tí ènìyàn fi ń mu ife omi kan lọ. Mo dúró síbẹ̀, n kò mọ ẹni tí n bá bínú sí. Ọmọ náà ń sunkún báyìí, òun gan-an, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ bí ó ti ń sọ pé kí ìyá òun mí síta. Kò mọ̀ pé òun ń sunkún.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n bá òun mú sálúbàtà wá. Ọmọ ní kí òun kọ́kọ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀gbọ́n mi na apá, wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ọn, ó wú, ó fọn. Ó jókòó jẹ́ẹ́ bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹkún tí wọ́n ń sun ọmọ rẹ̀ lẹ́nu géètì ń bá fèrèsé wọlé. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ níta. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí a dé ẹnu géètì, ó ti parí. Alága ẹ̀sítéètì ti jáde wá bá wọn, ó wọ ṣòkòtò péńpé. Kò rí wọn fín. Ó kí wọn kú ọ̀fọ̀, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́, àwọn ọmọdé ń kẹ́kọ̀ọ́ lórí kọ̀ǹpútà, àwọn àgbà mìíràn ń bá ọ̀gá wọn tó wà lókè òkun ṣe ìpàdé, ariwo náà ń wọlé bá wọn. Mẹ́gáàdì, nítorí oòrùn, ti lọ gbé omi inú ọ̀rá wá fún wọn láti inú yàrá kékeré rẹ̀ lẹ́nu géètì, èyí tí ó fi owó ara rẹ̀ rà. Ìyá Àgbà wo alága, ó wo omi, ó bọ́jú. Àwọn tó kù bọ́jú.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró níwájú wọn. Omi ṣì ń kán ní àgbọ̀n wọn.

"Ẹ̀yin ìyá mi."

"Ọmọ mi," ni Ìyá Àgbà wí.

"Ẹ ti sun ún tán?"

"A ti sun ún."

"Mi ò sí níbẹ̀."

"A mọ̀."

"Ẹ tún un sun díẹ̀. Ìyá mi, díẹ̀ péré. Mo ti jáde báyìí."

Ìyá Àgbà nawọ́ sí i, ó fà á jókòó sórí iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Ó wo ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó dúró sẹ́yìn wa, tí ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ẹnì kan ló kù fún ọ," ni ó wí. "Mi ò ní pe òmíràn lé e lórí."

Ẹ̀gbọ́n mi kò tún bẹ̀ ẹ́. Ìyá Àgbà já ọ̀rá omi kan, ó dà á sí i lọ́wọ́, ó ní kí ó bọ́jú. Ó bọ́ ọ. Ojú tí kò sunkún, ó fi omi nù ún, ó fi etí ìró rẹ̀ gbẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ ayé, nítorí ohun tí a ń ṣe lẹ́yìn ìbọ́jú nìyẹn. Wọ́n sọ̀rọ̀ ẹja tí kò wọ́pọ̀ mọ́ nínú ọ̀sà. Obìnrin ẹlẹ́nu yẹn bi mẹ́gáàdì bóyá ó ti gbéyàwó, ó ní òun ní ọmọ obìnrin kan ní abúlé tí kì í béèrè kóòdù. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbọn iyanrìn kúrò lára aṣọ wọn, wọ́n lọ.

Mo bá wọn padà dé etí omi. Inú ń bí mi. Mo sọ fún Ìyá Àgbà pé Ọlọ́run ni ó ni ikú, pé ẹkún ìyá kan kò lè pe ikú wá, pé ìjọ ni ó kọ́ mi bẹ́ẹ̀, mo sì gbà á gbọ́.

"Tíṣà," ni ó wí, "ó lè rí bí o ṣe wí. Ìwọ sun ún pẹ̀lú rẹ̀ nígbà náà."

Mo gbìyànjú. Mo lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀sán ọjọ́ mìíràn, mo ní kí ó bọ́ aago náà, mo tú gèlè rẹ̀, mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lórí rọ́ọ̀gì, mo gbá a mú. Mo bẹ̀rẹ̀. Ẹkún ẹnì kan ṣoṣo nínú pálọ̀ tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ kò yàtọ̀ sí ikọ́. Mo ń gbọ́ ohùn ara mi. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ lù mí lọ́wọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, "Ó tó, àbúrò mi. Má da ara rẹ láàmú." Òun ni ó ń tù mí nínú.

Ó ń lo oògùn tí ó fi ń sùn, àti òmíràn tí ó fi ń jẹun. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nínú ìjọ, wọ́n ti ní kí ó máa bá àwọn ìyá tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ó kọ́ wọn bí òun ṣe ṣe é. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó wà láàyè. Mò ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ nínú àdúrà mi, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n mo máa ń bi Ọlọ́run pẹ̀lú pé ta ni ó wà láàyè nínú ilé yẹn gan-an, nítorí ẹni tí ó ń dáhùn bí mo bá kan ilẹ̀kùn, n kò mọ̀ ọ́n dáadáa.

Wọ́n ti dá fóònù rẹ̀ padà fún un. Ó máa ń pè mí lọ́sàn-án, nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Ohun kan náà ni ó ń béèrè.

"Kí ni wọ́n sọ lẹ́nu géètì?"

Mo máa ń sọ ọ́ fún un. Ìyá Àgbà ni ó ń dá a, àwọn tó kù ń gbè é, Ègùn àti Yorùbá pọ̀ mọ́ra. Ovi ṣie, ovi ṣie, ọmọ mi, ọmọ mi. Ìwọ tí ò ń sáré jí ẹja lórí àárò mi, mo fi èyí tó tóbi jù sílẹ̀ fún ọ, o ò wá. Ìwọ tí ò ń kí mi kí oòrùn tó kí mi. Mo gbọ́ ẹsẹ̀, mo rò pé ìwọ ni. Ovi ṣie, ta ni yóò jí ẹja mi jẹ?

"Ó máa ń jí i lóòótọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi á wí. "Ẹnu rẹ̀ á dúdú fún èéfín, á ní òun kọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ohùn tíṣà lo fi ń sọ ọ́."

Mo máa ń gbìyànjú, ohùn náà kì í jáde. Bí ẹni tí ń ka ìkéde ilé ìwé ni mo máa ń rí, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Mo máa ń gbọ́ pé ó ṣì wà níbẹ̀.

"Ṣé wọ́n sun ún dáadáa?"

"Wọ́n sun ún dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó dára," ni yóò wí. "O ṣé."